Ìwé Kan Fún Gbogbo Ayé: Ọmọ Dọ́ọ̀ṣì àti Ìdáhùn Kúkúrú Gẹ̀ẹ́sì

Nínú àwọn ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ àjèjì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ojú ewé kan wọ́pọ̀ púpọ̀. Iwájú ìwé ni ó sábà máa ń wà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ọ̀rọ̀ tí ó pọ̀. Àtẹ ni. Ní apá òsì rẹ̀ ni ìbéèrè wà: "Can you swim?", "Do you live here?", "Is she a nurse?" Ní apá ọ̀tún ni ìdáhùn kúkúrú wà: "Yes, I can", "Yes, I do", "No, she isn't". Ní ìsàlẹ̀ àtẹ ni wọ́n máa ń fi ìkìlọ̀ sí, pé ẹni tí ó bá dáhùn "Yes" tàbí "No" lásán, ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé ni. Ojú ewé yìí kan náà ni wọ́n ń gbé ka iwájú ọmọ Japan, ọmọ Brazil, ọmọ Tọ́kì, àti ọmọ tí ń sọ èdè Dọ́ọ̀ṣì ní Utrecht ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì tàbí ní Gent ní ilẹ̀ Bẹ́líjíọ̀mù. Bàtà tí wọ́n ní ó bá ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn mu, ẹsẹ̀ ta ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n?

Gẹ̀ẹ́sì gidi ni ohun tí ó wà nínú àtẹ náà. Kò sí ẹni tí yóò jiyàn ìyẹn. Ìkìlọ̀ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni irọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń dáhùn "Yes" lásán lójoojúmọ́, pàápàá bí ọ̀rọ̀ mìíràn bá tẹ̀ lé e: "Yes, since I was six." Ohun tí ó ń mú kí ìdáhùn le létí ni ohùn tí wọ́n fi sọ ọ́, àti bí olùsọ ṣe dákẹ́ lójijì lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí kò rí àlàyé mìíràn ṣe a sọ ọ̀rọ̀ gírámà di ọ̀rọ̀ ìwà. Ọmọ tí ó ti ń gbọ́ "Ja" lẹ́nu bàbá àti ìyá rẹ̀ láti kékeré, tí ẹnikẹ́ni kò sì bínú sí i rí nítorí rẹ̀, ni wọ́n wá ń sọ fún pé àìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Kí ni ọmọ náà yóò rò nípa àwọn ará ilé rẹ̀? Kí ni yóò sì rò nípa olùkọ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá wo sinimá Gẹ̀ẹ́sì ní ìrọ̀lẹ́, tí àgbààgbà inú rẹ̀ ń dáhùn "Yes" lásán, tí ojú ẹnikẹ́ni kò sì yí padà?

Èdè Dọ́ọ̀ṣì ní ìdáhùn kúkúrú tirẹ̀, ọ̀nà tí ó gbà ń ṣe é ni ó yàtọ̀. Bí wọ́n bá bi ẹnì kan pé "Kun je zwemmen?", èyí ni pé, ṣé ó lè lúwẹ̀ẹ́, ó lè dáhùn pé "Ja", ó lè sọ pé "Ja hoor", ó sì lè sọ pé "Ja, dat kan ik". Bí ọmọ bá tọrọ àyè láti jáde lọ ṣeré, ìyá rẹ̀ lè dá a lóhùn pé "Ja, dat mag", tàbí kí ó ní "Nee, dat mag niet". Ọ̀rọ̀ kékeré "dat" yìí, tí ó jọ "ìyẹn" nínú Yorùbá, ni ó ń ru gbogbo ẹrù ìyókù gbólóhùn náà. Gẹ̀ẹ́sì kò gbé ẹrù náà ru ẹnikẹ́ni. Ṣe ni ó gé e kúrò, tí ó fi olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe aṣèrànwọ́ nìkan sílẹ̀: "Yes, I can." Nítorí náà, nígbà tí ọmọ Dọ́ọ̀ṣì bá sọ pé "Yes, that can" tàbí "No, that may not", òfin èdè rẹ̀ ni ó pa mọ́ láìyẹsẹ̀. Àtẹ inú ìwé kò lè ràn án lọ́wọ́, nítorí pé ohun tí ń dà á láàmú kò sí nínú àtẹ náà. Olùkọ́ tí ó bá kọ "Ja, dat kan ik" sí ara pátákó, tí ó kọ "Yes, I can" sí abẹ́ rẹ̀, tí ó wá fi ìnukọ̀wé pa "dat" rẹ́, ti fi ìṣẹ́jú kan ṣe ohun tí ìdánrawò ogún kò lè ṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ olùkọ́ náà pé èèwọ̀ ni láti kọ ọ̀rọ̀ Dọ́ọ̀ṣì sí pátákó nínú kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá dunni jù ni ti "do". Nínú Dọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń kọ sínú ìwé, ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ ni ó ń lọ sí iwájú láti ṣe ìbéèrè: "Woon je hier?" Kò sí aṣèrànwọ́ kankan níbẹ̀. Báwo wá ni "do" ṣe yọ sínú "Do you live here?", tí ó sì tún yọ padà sínú "Yes, I do"? Olùkọ́ a ní bẹ́ẹ̀ ni ó rí, kí ọmọ há a sórí. Ọmọ a há a sórí, a sì gbàgbé rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwé.

Bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n ń wá yìí wà ní ẹnu àwọn ìyá àgbà wọn. Ní ìwọ̀ oòrùn Flanders, èyí tí í ṣe apá ibi tí wọ́n ti ń sọ Dọ́ọ̀ṣì ní Bẹ́líjíọ̀mù, ẹ̀ka-èdè àwọn ará oko kì í fi "ja" sílẹ̀ ní òun nìkan. Wọ́n ń so arọ́pò-orúkọ mọ́ ọn. Ẹni tí ó ń dáhùn nípa ara rẹ̀ a ní "joak", bí ẹni ń sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni, èmi". Bí ó bá jẹ́ nípa ohun kan ni, a ní "joat". Wọ́n ń ṣe bákan náà sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń kọ̀. Kì í ṣe àṣà tuntun, nítorí pé irú rẹ̀ wà nínú ìwé Dọ́ọ̀ṣì ayé àtijọ́. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ẹ̀ka-èdè kan ní Flanders ní ìdáhùn kúkúrú tí ó ní olùwà àti "doen", tí í ṣe ìbátan "do" gan-an, tí wọ́n fi ń ta ko ohun tí ẹlòmíràn sọ. Jeroen van Craenenbroeck ṣe àlàyé wọn ní kíkún nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 2010 lórí gígé ọ̀rọ̀ kúrò nínú gbólóhùn àwọn ẹ̀ka-èdè Dọ́ọ̀ṣì. Ọmọ tí ó bá ti gbọ́ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ìyá bàbá rẹ̀ ti mọ ìdajì ohun tí "Yes, I do" ń ṣe kí ó tó wọ kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì. Ta ni yóò sọ fún un? Olùkọ́ Dọ́ọ̀ṣì ti kọ́ ọ pé ọ̀rọ̀ ará oko ni, kí ó má ṣe sọ ọ́ nílé ìwé. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì sì ti kọ́ ọ pé Dọ́ọ̀ṣì kankan kò gbọdọ̀ wọlé. Ilẹ̀kùn méjì ni wọ́n tì mọ́ ọmọ kan ṣoṣo, wọ́n sì ń bi í léèrè ìdí tí kò fi wọlé.

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó wà lẹ́nu gbogbo wọn, yálà ní Amsterdam tàbí ní Antwerp, ni "jawel". Bí ẹnì kan bá sọ fún Dọ́ọ̀ṣì pé kò wá lánàá, tí ó sì wá, kì í dáhùn "ja", "jawel" ni ó ń sọ, gẹ́gẹ́ bí Faransé ti ń sọ "si", tí Jámánì sì ń sọ "doch". Gẹ̀ẹ́sì òde òní kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn kúkúrú ni ó fi ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀: "You didn't come." "Yes, I did." Ibí yìí gan-an ni ìdáhùn kúkúrú ti wúlò jù, nítorí pé bí ènìyàn bá sọ "Yes" lásán níbẹ̀, ẹni tí ó ń gbọ́ lè má mọ̀ bóyá ó gbà tàbí ó kọ̀. Àwọn olùkọ́ Yorùbá kò nílò kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa là á yé wọn. Ẹni tí wọ́n bi ní Yorùbá pé "Ṣé o kò tíì jẹun ni?" a dáhùn pé "Bẹ́ẹ̀ ni, n kò tíì jẹun", a sì gbé e lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì ní "Yes, I haven't", tí ọ̀gá Gẹ̀ẹ́sì yóò sì máa fajú ro. Ìṣòro Yorùbá níbí yàtọ̀ sí ti Dọ́ọ̀ṣì. Ọmọ Yorùbá ń fi "bẹ́ẹ̀ ni" gba ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀, ọmọ Dọ́ọ̀ṣì sì ní ọ̀rọ̀ kan ní ọwọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì kò fún un ní irú rẹ̀. Oògùn kan ṣoṣo ni ìwé gbogbo ayé ń fún àwọn méjèèjì. Ìbá ṣe pé ìwé náà sọ fún ọmọ Dọ́ọ̀ṣì pé "did" inú "Yes, I did" ni ó ń ṣe iṣẹ́ "wel" inú "jawel", ọ̀rọ̀ ìbá ti tán.

Bí ọ̀rọ̀ ìdáhùn kúkúrú bá burú tó báyìí, ti ọ̀rọ̀-ìṣe ìyọ̀ǹda tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú Dọ́ọ̀ṣì, "mogen" ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń tọrọ àyè, tí wọ́n sì fi ń fúnni ní àyè. Ògbójú ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Ó ní àsìkò tí ó ti kọjá, "mocht". Ó lè tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn. Ó lè dá dúró láìsí ọ̀rọ̀-ìṣe kankan lẹ́yìn rẹ̀, tí ọmọ fi lè sọ pé "Ik mag naar buiten", pé wọ́n gbà kí òun jáde síta, láìsí pé ó sọ "jáde". Ó tilẹ̀ lè gba àbọ̀, kí ó sì túmọ̀ sí pé ènìyàn fẹ́ràn ẹnì kan. Ẹ wá fi "may" Gẹ̀ẹ́sì wé e. Ìbátan ni wọ́n, ṣùgbọ́n "may" ti rù kan egungun. Kò lè dá dúró bẹ́ẹ̀, kò gba àbọ̀, kò lè tẹ̀ lé "will" tàbí "have". "Might" tí ó yẹ kó jẹ́ àsìkò rẹ̀ tí ó ti kọjá kò sọ nípa ìyọ̀ǹda àná mọ́ nínú ọ̀rọ̀ òde òní. "Bóyá" ni ó ń sọ. Ọmọ Dọ́ọ̀ṣì tí ó bá fẹ́ sọ pé "Ik mocht niet gaan", pé wọn kò jẹ́ kí òun lọ, tí ó sì sọ pé "I might not go", ohun tí Gẹ̀ẹ́sì yóò gbọ́ ni pé bóyá ni yóò lọ. Gbólóhùn náà pé, kò sí àṣìṣe gírámà kan nínú rẹ̀ tí ẹni tí ń gbọ́ lè fi mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó kọ lẹ́tà sí òṣìṣẹ́ pé "You may not come on Monday" lè rò pé òun ti kìlọ̀ fún un kí ó má wá, kí ẹni tí ó gba lẹ́tà sì rò pé ọ̀gá kàn ń sọ pé bóyá òun kò ní lè wá ni. Ìwé tí ó fi ojú ewé mẹ́ta kọ́ni ní "may" láìsọ pé "be allowed to" ni ó ń gba ẹnu "may" sọ̀rọ̀ ní ibi púpọ̀ tí "mogen" ti ń dá sọ̀rọ̀, kí ni ó kọ́ni?

Dípò ìyẹn, ìjà àárín "may" àti "can" ni ìwé ń gbé lárugẹ: pé "can" wà fún agbára, "may" sì wà fún ìyọ̀ǹda, pé ọmọ rere ni ń sọ "May I?". Ìjà àtijọ́ ni ìjà yìí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi "Can I?" tọrọ àyè lójoojúmọ́, nílé, lọ́jà àti ní ọ́fíìsì. Ọmọ Dọ́ọ̀ṣì kò sì nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ ní ìyàtọ̀ agbára àti ìyọ̀ǹda, nítorí pé "kunnen" àti "mogen" ti là á yé e láti inú ilé. Ohun tí ó yẹ kí ó gbọ́ ni òdìkejì rẹ̀, pé Gẹ̀ẹ́sì kò pa ààlà náà mọ́ bí Dọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ìwé tí kò mọ Dọ́ọ̀ṣì kò lè mọ̀ pé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ní ni òun tún ń tà fún un.

Kò tán síbẹ̀. Ojú ewé tí ó sọ pé "Yes" lásán jẹ́ ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni ó tún ń kọ́ ọmọ pé bí ẹnì kan bá béèrè "May I open the window?", kí ó dáhùn "Yes, you may" tàbí "No, you may not". Ta ni ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́ rẹ̀? Ọ̀gá ilé ìwé ni ń sọ ọ́ fún ọmọ tí ó gbé ọwọ́ sókè. Ẹni tí ó bá sọ "No, you may not" fún àgbà tí ó jókòó tì í nínú ọkọ̀ ojú irin ti bú u. "Of course" tàbí "Go ahead" ni ènìyàn ń sọ bí ó bá gbà. Bí kò bá gbà, a tọrọ àforíjì, a sì sọ ìdí rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ibi tí ìdáhùn kúkúrú ti le bí òkúta ni ìwé ti pàṣẹ rẹ̀, ibi tí ó ti wúlò fún àtakò ni kò ti ṣàlàyé rẹ̀. Ó tún wá bá àṣà Dọ́ọ̀ṣì kan pàdé. Akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ní Nẹ́dálándì a máa sọ fún àlejò pé "U mag hier tekenen", pé kí ó jọ̀wọ́ fọwọ́ sí ìwé níbí. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni, "u" inú rẹ̀ sì dà bí "ẹ" tí Yorùbá ń lò fún àgbà. Bí ó bá di "You may sign here", ọ̀wọ̀ ti jábọ́ lójú ọ̀nà, akọ̀wé sì ti dà bí ọba tí ń ṣàánú fún ìránṣẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìwé kan fún gbogbo àwọn tí ń sọ Dọ́ọ̀ṣì yóò tó. Ní Nẹ́dálándì, ẹni tí ó fẹ́ sọ pé kò pọn dandan kí ènìyàn sanwó a ní "Je hoeft niet te betalen". Ní Flanders, púpọ̀ a máa sọ pé "Ge moet niet betalen", wọ́n sì ń lo "moeten", ìbátan "must". Èyí ni ó fi jẹ́ pé ará Flanders ni ó wà nínú ewu jù láti sọ fún àlejò pé "You mustn't pay here" nígbà tí ohun tí ó ní lọ́kàn jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni. Àlejò náà yóò ki owó rẹ̀ bọ àpò, yóò sì máa wá ibi tí wọ́n ti ń sanwó kiri. Olùkọ́ ní Gent ní láti mọ èyí, olùkọ́ ní Utrecht kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀.

Níbo wá ni òfin pé kí wọ́n ti èdè ọmọ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ti wá? Ní 1878, Maximilian Berlitz dá ilé ẹ̀kọ́ èdè sílẹ̀ ní Providence ní Amẹ́ríkà, níbi tí olùkọ́ kì í ti í sọ èdè akẹ́kọ̀ọ́. Ní 1882, Wilhelm Viëtor ní Jámánì kọ ìwé pélébé kan láti fi ké pe àwọn olùkọ́ pé kí wọ́n yí ẹ̀kọ́ èdè padà, kí wọ́n yé fi ìtumọ̀ àti òfin àkọ́sórí pa ọmọ. Igbe Viëtor tọ̀nà ní ìgbà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ bí oògùn ti di oúnjẹ. Ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́wẹ́ẹ̀tì lórí kíkọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì wáyé ní Makerere ní Uganda ní 1961. Ní 1992 ni Robert Phillipson ka ìgbàgbọ́ márùn-ún tí ó so mọ́ ìpàdé náà, tí ó sì pè wọ́n ní èrò òdì. Àkọ́kọ́ nínú wọn ni pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó dára jù láti fi kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí ó mọ ìtàn iṣẹ́ tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 mọ̀ pé àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ní ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò tìtorí rẹ̀ rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Owó sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìwé tí kò ní èdè akẹ́kọ̀ọ́ kankan nínú ni ìwé tí wọ́n lè tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì tà á níbi gbogbo.

Àwọn Dọ́ọ̀ṣì kò ṣàìní irú ìwé mìíràn rí. R. W. Zandvoort, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Groningen, tẹ ìwé gírámà Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jáde ní 1945 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀ ni ó kọ ọ́.

Àwọn alátìlẹ́yìn òfin náà yóò ní bí olùkọ́ bá ń sọ Dọ́ọ̀ṣì, ọmọ kò ní gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó. Ní ilẹ̀ mìíràn, àwíjàre yìí lè lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ní Nẹ́dálándì àti Flanders, kò ní. Sinimá Gẹ̀ẹ́sì ń jáde lórí tẹlifíṣọ̀n wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, ìtumọ̀ ni wọ́n ń kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, àyàfi ti àwọn ọmọdé. Láti 1986 ni Gẹ̀ẹ́sì ti di ọ̀ranyàn ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Nẹ́dálándì. Ní Flanders, tí wọ́n ti ń kọ́kọ́ kọ́ Faransé nílé ìwé, àwọn ọmọ ti ń gbọ́ ọ kí olùkọ́ tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Gbígbọ́ kọ́ ni ó ṣọ̀wọ́n. Ẹni tí yóò sọ ìdí tí ohun tí wọ́n ń gbọ́ fi yàtọ̀ sí ti ilé wọn ni wọn kò rí.

Àtakò kan wà tí ó wúwo ju èyí lọ. Nínú kíláàsì ní Rotterdam tàbí Antwerp lónìí, ọmọ wà tí ń sọ èdè Tọ́kì nílé, òmíràn ń sọ Bẹ́bẹ̀, òmíràn ń sọ Papiamento. Ṣé Dọ́ọ̀ṣì ara pátákó kò ní sọ wọ́n di àjèjì lẹ́ẹ̀mejì? Yóò rí bẹ́ẹ̀ bí olùkọ́ bá dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yìí ń fi Dọ́ọ̀ṣì kọ́ ìṣirò àti ìtàn, "mag niet" sì ti wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ nílé ìwé. Olùkọ́ tí ó bá ti kọ "jawel" sí pátákó lè yíjú sí ọmọ Tọ́kì kí ó ní, "Nílé tiyín ńkọ́, báwo ni ẹ ṣe ń sọ ọ́?" Olùkọ́ tí òfin ti pa lẹ́nu mọ́ kò lè béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìdánwò ni ó kù. Níwọ̀n ìgbà tí ìbéèrè ìdánwò bá ṣì jẹ́ "Yes, she ____", àtẹ ni olùkọ́ yóò máa kọ́ni, nítorí pé àtẹ ni ó ń mú máàkì wá. Kí wọ́n fi ẹ̀sùn èké kan ọmọ lórí ìwé, kí ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì sẹ́ ẹ. Kí wọ́n kọ gbólóhùn Dọ́ọ̀ṣì mẹ́ta tí "mocht" wà nínú wọn, kí ọmọ sọ wọ́n di Gẹ̀ẹ́sì láìlo "might". Kí àlejò tọrọ àyè láti jókòó, kí ọmọ sì kọ̀ fún un láìbú u. Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kò ṣòroó ṣe. Ohun kan ṣoṣo tí ó ń béèrè ni pé kí ẹni tí yóò kọ ọ́ gbọ́ Dọ́ọ̀ṣì, àwọn ilé ìwé Utrecht àti Gent sì kún fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.